Ibi Tó Funfun Lójú Àgùàlà

Iná ti lọ ní Ọ̀bà-Ilé láti aago méje.
Bátìrì ọkọ̀ bàbá mi ni mo fi tan kọ̀ǹpútà,
mo ń fa Àgùàlà wálẹ̀ láti ojú ọ̀run,
ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.
Màmá mi ní, "Dátà ẹgbẹ̀rún méjì tí o rà lánàá ńkọ́?"
Mo ní dátà ni mo fi ń wá dátà.
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ya àwòrán yìí ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Ó yí Àgùàlà ká títí ó fi rẹ̀ ẹ́,
wọ́n jẹ́ kó já sínú ìkuukùu, ó jóná.
Ohun tó rí kò bá a jóná.
Lẹ́tà òkú ni mò ń gbà lóru Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n ní ajá oṣù ni.
Ajá wo ló ń gbé inú iná báyìí?
Òjé yóò yọ́ bí òrí lórí ilẹ̀ rẹ̀.
Òjò ásíìdì ń rọ̀ níbẹ̀, kò kan ilẹ̀ rí,
ooru a gbé e mì ní agbedeméjì.
Ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ibẹ̀ ti ń là:
ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún ìwọ̀-oòrùn.

Ìkuukùu bò ó, kò sí ojú tó lè rí ilẹ̀ rẹ̀.
Nítorí náà ọkọ̀ kò wò ó. Rédà ló jù sí i,
bí ẹni ju òkúta sínú kànga tó ń tẹ́tí.
Nínú àwòrán yìí, funfun kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.
Funfun ni ibi tó rí págunpàgun,
dúdú ni ibi tó jọ̀lọ̀.
Ó tó oṣù mẹ́ta kí ojú mi tó gbà.

Bàbá mi, Akíndùró,
ṣàyẹ̀wò kòkó ní Oǹdó fún ọdún mọ́kàndínlógójì.
Ọgọ́rùn-ún wóró nínú àpò, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì,
ó ń wá èyí tó bu nínú.
Ìkuukùu ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì báyìí
(owó iṣẹ́ abẹ ni a ń wá),
síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé kòkó wá bá a lẹ́yìnkùlé.
Á na àtẹ́lẹwọ́ lé e, á gbá a lọ, á gbá a bọ̀,
á ní, "Èyí kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà sóòrùn."

Lọ́jọ́ Ajé mo rí àbàwọ́n funfun kan lẹ́bàá òkè
tí kò sí nínú àwòrán ti ìṣáájú.
Mo pariwo! Òkè náà ti pọ iná!
Mo sáré lọ bá Dókítà Fágbùyì, bàtà mi já lọ́nà.
Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ wo ni ọkọ̀ ti wò ó nígbà àkọ́kọ́?"
Òsì.
"Nígbà kejì ńkọ́?"
Mo dákẹ́.
Òkè Ìdànrè tí a ń rí láti ojú ọ̀nà Àkúrẹ́,
ṣé ojú kan náà ló fi ń wo ará Àlàdé?

Mo rò ó fún bàbá mi. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n mú ọwọ́ òun.
Mo fi ìka rẹ̀ rìn lórí gíláàsì:
ibí págunpàgun, ibí jọ̀lọ̀,
ibí ni ọ̀já dúdú tí ọkọ̀ kò gbà kọjá.
"Kí lo kọ síbẹ̀?"
Mo ní òfo ni mo kọ.
"Ó dáa. Mo mọ àwọn tó lu òǹtẹ̀
sórí àpò tí wọn kò tú."

Bátìrì kú. Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn,
òkè àti òfo.
Ìka bàbá mi kò kúrò lójú gíláàsì.
Ó ní, "Ó gbóná díẹ̀."